Ibi Tí Ojú Ń Bà Lé

Ní Sáríà, nígbà ọ̀yẹ́, ọ̀run kì í ní etí.
Eruku gba òkè, eruku gba ìsàlẹ̀,
aago ni a wá fi ń mọ ibi tí ilẹ̀ wà:
mẹ́fà níwájú mi, wọ́n tò bí àwo ìyàwó,
àwọn kéékèèké mìíràn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́
tí n kò tíì ráyè kí.

Èyí tó ń sọ bí a ṣe ga tó ni mo tẹjú mọ́.
Ó gòkè díẹ̀, mo tì í wálẹ̀;
ó já wálẹ̀, mo fà á sókè.
Níbi tí mo ti ń bá a jà,
bàálù ti yí imú sí ọ̀nà Kánò.
N kò mọ̀.

Kápútéènì Ìlíyà Gwámnà kò pariwo.
Ó yọ bébà bisikí-ìn kan nínú àpò rẹ̀,
ó ṣẹ́ ẹ po, ó fi bo aago náà lójú.
"Ó dára. Máa wà á lọ báyìí."
Òógùn bò mí nínú òtútù.
Ojú mi ń wá ibi tí yóò bà lé
bí ẹyẹ tí wọ́n gé igi rẹ̀ lulẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni àwọn kan ti Àbújá wá
pẹ̀lú awò tó ń ṣọ́ ojú ẹni tó bá wọ̀ ọ́.
A wọ̀ ọ́, a jókòó sínú yàrá tó ń ṣe bíi bàálù,
wọ́n sì tẹ ipa ojú wa sórí bébà.
Tèmi: àmì pupa ńláńlá mẹ́ta péré,
bí ojú ilẹ̀ tí èèyàn tẹ̀ mọ́lẹ̀
níbi tó ti ń dúró de ọkọ̀ tí kò wá.
Tirẹ̀: tínínrín, tínínrín,
àárín sí ẹ̀gbẹ́, ẹ̀gbẹ́ sí àárín,
ó kan fèrèsé, ó tún padà,
bí òwú lára fìlà Hausa tí a fọwọ́ rán.

Mo ní, "Sà, ẹ kì í pẹ́ lórí nǹkan kan.
Báwo lẹ ṣe ń rí i?"
Ó nawọ́ sí Fúlàní kan tó ń da màlúù kọjá lẹ́yìn ọgbà.
"Ìyẹn kì í kà wọ́n.
Ibi tó bá ṣófo ló máa ń rí."

Mo fi ṣọ́ọ̀kì ya aago sí ògiri yàrá wa.
Mo ń wò wọ́n yí ká, bí mo ti ń mu kókó láàárọ̀,
títí Rakíyá tá a jọ ń gbé fi bi mí
bóyá kí òun ránṣẹ́ sílé wa ní Ìkàrẹ́.

Oṣù kejì, eruku ti fúyẹ́,
à ń bọ̀ láti Kàdúná, oòrùn wà lẹ́yìn wa.
Ojú rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀, bó ṣe máa ń ṣe.
Tèmi ṣì ń wọ́ bí ìgbín.
Ó wọ́ dé orí epo apá òsì, ó dúró.
"Sà. Epo."
Ojú rẹ̀ padà síbẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, kò kúrò kíákíá.
Ọwọ́ rẹ̀ ti yí epo sí apá ọ̀tún
kí n tó mí.

Nígbà tá a balẹ̀, ó lọ dúró tì ìyẹ́ bàálù.
Wọn kò dé ìdérí epo pa dáadáa;
atẹ́gùn ti fà á jáde, ó fi ìlà tútù sílẹ̀ lára irin.
Ó fi ìka kàn án, ó gbóòórùn rẹ̀.
"Mo wò ó," ó ní. "Mo wò ó lẹ́ẹ̀mẹta."
Kò parí ọ̀rọ̀ náà.

Ó ti pẹ́. Ojú tèmi náà ti yá báyìí,
ó ń sáré káàkiri kí n tó rán an níṣẹ́.
Bí a bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ sí Àbújá,
tí Àpáta Súmà yọ orí nínú kùrukùru,
mo máa ń bi ọmọ tó jókòó tì mí pé,
"Kí lo rí?"
Ó máa ń nà ró, ó máa ń ka gbogbo aago fún mi.
Ó rò pé ìdánwò ni.